Bí Èmi àti Shahin Ṣe Pààrọ̀ Sítátà Lábẹ́ Àpáta

Àdúgbò Àwọn Ará Kumzar,
Khasab,
Musandam, Ómán.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹfà, 1996.

Matar, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà lọ́hùn-ún? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń yọ bàbá yín lẹ́nu nígbà tí mo rí wọn kẹ́yìn, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ooru Ra's al-Khaimah lọ́dọ̀ yín náà ńkọ́? Tiwa ti bẹ̀rẹ̀ níbí o. Ní ọ̀sán àná, ilẹ̀ àgbàlá wa gbóná débi pé àwọn adìẹ kò lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ pọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, gbogbo wa ló wà láàyè, ara wa sì le. Má rò pé mo kàn ń sọ ọ́ bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nínú lẹ́tà. Díẹ̀ ló kù lọ́sẹ̀ tó kọjá kí o gbọ́ ìròyìn mìíràn nípa wa.

Ọ̀rọ̀ sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wa, èyí tí o bá wa wá kiri, ni. Mo mọ̀ pé o ti ń bínú pé o fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, n kò sì kọ̀wé dúpẹ́. Ojú ló ń tì mí. Láti ìgbà tó ti dé, inú àpò tí o fi dì í ló ṣì wà. O mọ irú ihò tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa wà. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè pààrọ̀ sítátà níbẹ̀. Ẹnì kan ní láti gbé e dúró, kí ẹnì kejì máa fi ọwọ́ lásán wá ojú bóòtù tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí kò lè rí. Shahin àbúrò mi ló sì yẹ kó bá mi ṣe é, nítorí àwa méjèèjì la jọ jogún ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n èmi àti Shahin kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti gé igi dèétì tí bàbá wa gbìn sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Khasab níbí. Ó ní gbòǹgbò rẹ̀ ń wó ògiri òun. Èmi ní kí ògiri ọ̀hún wó.

Ohunkóhun tí mo bá fẹ́ sọ fún un, Màmá ni mò ń rán sí i. "Màmá, ẹ sọ fún un pé àwọ̀n ti ya." Òun náà á ní, "Màmá, ẹ sọ fún wọn pé mo ti rí i." Nínú ọkọ̀ kan náà, Matar! Àwa tí irùngbọ̀n wa ti ń funfun!

Ìgbà ìkórè dèétì wá dé, gbogbo ará abúlé wa ní Kumzar bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá sí Khasab bí a ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. A kó ẹní, ìkòkò àti ẹja gbígbẹ sínú ọkọ̀. Màmá wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ wọn, Kaltham ìyàwó mi náà wọlé. Ìyàwó Shahin àti àwọn ọmọ wa ti bá àwọn ará ilé Kaltham lọ ṣáájú. Sítátà àtijọ́ kérora títí kó tó dáhùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó dáhùn, a sì gbéra.

Ibi tí àpáta ti ga jù, tí kò sí etíkun kankan tí èèyàn lè gúnlẹ̀ sí, ni ewúrẹ́ dúdú kan ti bẹ́ sómi. Màmá figbe ta bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ já bọ́. Mo sáré pa ẹ́ńjìnnì kí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ má baà gé ẹran náà sí wẹ́wẹ́. Shahin fò sómi, ó gbé e wọlé, òun àti ewúrẹ́ jọ ń húkọ́. Inú gbogbo wa dùn. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ta! Kò sí ohun mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ta! Mo fi òòlù gbá sítátà bí a ṣe máa ń ṣe, kò mira.

Àfi bí afẹ́fẹ́ àríwá ṣe dìde. Ó ń tì wá lọ síhà àpáta díẹ̀díẹ̀. A ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, okùn tán pátápátá, kò kan ilẹ̀, torí omi ibẹ̀ jìn. Ìgbà tí a ti sún mọ́ àpáta débi pé omi ìgbì ń ta sí wa lára ni irin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nǹkan nísàlẹ̀. Ọkọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n okùn náà ti gbó, ó sì ń ha mọ́ òkúta lábẹ́ omi. Kaltham lọ síwájú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé okùn náà.

Ó ní, "Mò ń gbọ́ bó ṣe ń já lábẹ́ ọwọ́ mi. Ohun tí ẹ bá máa ṣe, ẹ tètè ṣe é o."

Shahin wo àpò sítátà tuntun tó wà láàárín ẹrù wa, ó wò mí, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ tó ti tutù. Ó ki ara bọ inú ihò náà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì àti igi ọkọ̀. Kò sí àyè tó lè fi yí orí. Ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, òórùn dísẹ̀lì ń ta ni lójú. Èmi, pẹ̀lú ikùn tí o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, ibo ni mo fẹ́ gbà wọlé? Mo dojú bolẹ̀ lórí pákó, mo na ọwọ́ méjèèjì sísàlẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tú wáyà bátìrì, kí iná má baà ta."

Màmá sọ fún mi. Mo tú u.

"Màmá, ẹ bi í bóyá ó ti rí bóòtù òkè."

"Ó ní kò sí ohun tóun rí, ọwọ́ lòun fi ń wá a."

Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí a fi yọ èyí tó ti kú. Mo tú láwàní orí mi, mo fi so tuntun, mo rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Shahin. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kí Màmá tó sọ fún mi pé kí n gbé e sókè díẹ̀, ìgbì á ti gbé ọkọ̀, ojú ihò á ti kúrò lójú ihò. Lẹ́ẹ̀kan báyìí, mo gbọ́ tí nǹkan dún pọ́n! nísàlẹ̀. Bóòtù ti já bọ́ sínú omi olóòróró tó wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Màmá dìde dúró láàárín àwọn ewúrẹ́. "Ó tó! N kò jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Inú mi yìí lẹ̀yin méjèèjì ti jáde, ẹ sì lẹ́nu. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ìyá yín kú sínú omi, ẹ máa dákẹ́ síbẹ̀."

Wọ́n jókòó, wọ́n fi ìbòrí bo ojú. Mò ń gbọ́ bí Shahin ṣe ń fi ọwọ́ wá bóòtù nínú omi.

"Fọ́nrán okùn kan ti já!" Kaltham ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Ohùn kan wá jáde láti inú ihò, bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga. "Ẹ̀gbọ́n."

Matar, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí bóòtù. Ẹ gbé e sókè."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín. Díẹ̀ sí i. Ẹ yé mì í!"

"Èmi kọ́, ọkọ̀ ló ń mì."

"Ikùn yín ló ń mi ọkọ̀. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ dúró, ẹ dúró... ó ti wọlé!"

Apá mi ti kú, n kò mọ̀ bóyá mo ṣì dì í mú. Mò ń gbọ́ sípánà rẹ̀ tó ń yí, tó ń yí. Ó so wáyà ẹ̀yìn, ó rá jáde, ojú rẹ̀ dúdú bíi ìdí ìkòkò. Mo ní, "Bísímílà," mo tẹ bọ́tìnnì. Kò tilẹ̀ dún ta.

Shahin wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì tí ẹ tú ńkọ́?"

Mo ti gbàgbé! Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń di ìhà mú, nígbà tí èmi ń so wáyà náà. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì bú, ó ké bíi kìnnìún! Kaltham kò tilẹ̀ dúró kí a fa ìdákọ̀ró, ó fi ọ̀bẹ gé okùn, a sì yí orí ọkọ̀ kúrò níwájú àpáta. Màmá ṣí ojú wọn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì ń bú ewúrẹ́.

Ìgbà tí a wọ omi tó dákẹ́ ni mo tó rí i pé páìpù èéfín ti bó àbúrò mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi aṣọ tútù lé e. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí igi Bàbá yẹn wó, n kò lè jẹun." Mo ní kó jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Lóòótọ́ ni mo fi í sílẹ̀, Matar. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

O ṣeun gan-an, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ lo fi sítátà gba wá là. Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí bàbá, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ àyà. Kaltham kí ọ. Shahin ní kí n kí ọ dáadáa, ojú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń jiná. Màmá náà kí ọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé ti sú àwọn, nítorí kò sẹ́ni tó ń rán àwọn níṣẹ́ mọ́. Ní òwúrọ̀ yìí, wọ́n mu kọfí wọn, wọ́n jókòó sáàárín èmi àti Shahin bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n ń retí. Ọ̀rọ̀ ń kọjá lórí wọn síwá sẹ́yìn títí wọ́n fi sùn lọ.

Èmi tí n kò yí padà sí ọ,
Hamdun.