Ìró Òfì Jímọ̀ Tó Ń Tiro

Èmi, Kàdírì Àkànní Ládòkun, ahunṣọ òfì ní ìlú Ìsẹ́yìn, ni mo ń pín ogún mi sílẹ̀ báyìí kí ọlọ́jọ́ tó dé. Orí mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò fi tipá mú mi. Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ìbínú kì í ṣe wèrè. Kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ sọ pé ìwé yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Alfa Mùstàfá àti Jùmọ̀kẹ́, àkọ́bí mi, ni kí wọ́n mú un ṣẹ.

1. Ilé tí mò ń gbé àti oko iṣu mi lọ́nà Ilua: kí Alfa pín wọn bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jà, kó lọ bá Ọlọ́run jà.

2. Òfì mi, ọ̀kọ̀ ìhunṣọ mi àti òwú tó bá kù: mo ti gbé wọn fún Jùmọ̀kẹ́ lójú ayé mi. Ẹni tó bá ní obìnrin kì í jókòó nídìí òfì ọkùnrin, kó wá hun tirẹ̀ ká wò ó.

3. Ewúrẹ́ dúdú tó máa ń jẹ òwú: kí Samsudeen, ọmọ mi ọkùnrin, mú un. Àwọn méjèèjì kì í béèrè olóhun kí wọ́n tó ba nǹkan jẹ́.

4. Kọ̀ǹpútà, àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti yàrá tí Samsudeen fi ń ṣe orin: òun náà ni mo fi wọ́n sílẹ̀ fún, bí ó bá pa àṣẹ tó wà ní ìpín kẹfà mọ́. Bí kò bá pa á mọ́, kí Alfa kó wọn fún àwọn ọmọ ilé kéú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe, kí wọ́n má baà pè mí ní baba òṣónú. Láti kékeré ni èmi àti Jímọ̀ ti jọ ń hunṣọ lábẹ́ àtíbàbà kan náà. Ọ̀kadà gbé e ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò nà mọ́ títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá. Bí òfì tiwa bá ń dún kìkà, kìkà, tirẹ̀ a dún kì, a dákẹ́ díẹ̀, kó tó wá dún kà. Láti ojú títì lèèyàn ti máa mọ̀ pé Jímọ̀ ló wà nídìí òfì. Samsudeen fi fóònù gba ìró òfì gbogbo wa sílẹ̀ nígbà tí Jímọ̀ wà láyé, mo sì súre fún un.

Nígbà tó fẹ́ fi ṣe orin, kò jókòó kó àwọn ìró náà sínú ètò orin inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ó rán ọmọ ọ̀dọ̀ inú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní AI. Ó kọ ọ́ sí i pé kó kó gbogbo rẹ̀ wọlé, kó tò wọ́n kí wọ́n bára mu, kó sì pa àwọn ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ kí àyè lè wà. Ọmọ ọ̀dọ̀ jíṣẹ́. Ó rí i pé òfì kan ń kẹ́yìn, ó fà á bá ẹgbẹ́ rẹ̀, ó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Mi ò bá ẹ̀rọ jà, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ẹni tó rán an ni mo ń bá wí. Samsudeen, ìdí òfì Jímọ̀ lo ti kọ́ ìrìn! Mọ̀-ọ́n-gún, mọ̀-ọ́n-tẹ̀, iyán ewùrà kì í ṣàì lẹ́mọ; ìwọ ń ṣa ẹmọ, o da iyán nù. O tún ń bi mí pé ṣé kò dùn ni. Ó dùn. Jímọ̀ ni kò sí níbẹ̀.

5. Òfì Jímọ̀, tí Misturat ìyàwó rẹ̀ ní kí n bá òun tọ́jú: kí wọ́n dá a padà fún un. Kí ẹnikẹ́ni má fi igi rẹ̀ dáná.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí Misturat. Jímọ̀ ni mo rán sí i, ó débẹ̀, ó sọ ti ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tó bá dun ni, ara ẹni là ń rán. A ò kíra wa fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kúrò lábẹ́ àtíbàbà nínú wa. Mo máa ń dá òfì mi dúró láti gbọ́ tirẹ̀. Misturat pàápàá, bí òfì ọkọ rẹ̀ bá ti dákẹ́ báyìí, á ti bu omi àlùwàlá sílẹ̀. Nígbà tí Samsudeen lu orin rẹ̀ fún un, ó bi wá pé ta ló ń hunṣọ. Díẹ̀ ló kù kí n fọ́ kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ yẹn.

6. Ìró kan wà nínú fóònù Jùmọ̀kẹ́. Mo jókòó sídìí òfì Jímọ̀, mo ká ẹsẹ̀ ọ̀tún kò, mo hun bí ó ṣe ń hun. Kí Samsudeen fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o sínú ètò orin náà, kó fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́, kó má rán ẹnikẹ́ni. Ibi tó bá ti kẹ́yìn, kó jẹ́ kó kẹ́yìn.

Misturat jókòó tì mí nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ ń gbà á sílẹ̀. Ó ní èmi ni, kì í ṣe Jímọ̀, pé ẹsẹ̀ tó ń díbọ́n kò lè jọ ẹsẹ̀ tó dá. Mo fẹ́ dìde. Ó ní kí n má tíì dìde. Ohùn rẹ̀ wà nínú ìró náà, níbi tó ti sọ bẹ́ẹ̀. Kí Samsudeen má yọ ọ́.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìsẹ́yìn, ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, ọdún 2025.

Kàdírì Àkànní Ládòkun

Àwọn tó ṣojú wọn:
Cornelius Ìyápọ̀, tíṣà
Débọ́lá Ògúndìran, olówùú