Kúbùsù Orí Tòmátì Màámi

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹta, Alief, lókè òkun

Gbogbo tòmátì Màámi ló ti kú. Nígbà tí mo wọ ilé ọ̀rá tí wọ́n ń gbin nǹkan sí lẹ́yìnkùlé láàárọ̀, ewé wọn ti dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀.

Màámi fúnra wọn ló gbìn ín kí ọlọ́jọ́ tó dé lóṣù tó kọjá.

A ti ń tan AC lọ́sẹ̀ tó kọjá, àfi bí òtútù ṣe padà dé lálẹ́ àná. Mo fi kúbùsù ńlá bo àwọn tòmátì náà kí n tó lọ sùn. Ta ló wá ká a kúrò?

Yàrá Bàámi ni mo ti rí i. Wọ́n to pílò síbi tí Màámi máa ń sùn, wọ́n sì fi kúbùsù náà bò ó. Àwọn fúnra wọn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàámi, ẹ̀yin lẹ ká kúbùsù orí tòmátì?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Òtútù ń mú ìyá ẹ. Oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ ni."

A jọ sin Màámi ni. Nígbà tí mo rán Bàámi létí lánàá pé wọ́n ti kú, ńṣe ni wọ́n sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ṣé kí n tún wá...

Mi ò lè sọ ọ́.

"O ò kí ìyá ẹ?" Bàámi ń wò mí.

Mo kúnlẹ̀ níwájú pílò náà. "Ẹ káàárọ̀, Màámi."