Ọ̀mọ̀wé Elizabeth Mọ́júbọ́lá Arógundádé (1958–2025): Ẹni Tó Fi Gíláàsì Gba Iná Lọ́wọ́ Oòrùn

Ní oṣù kẹta ọdún 1958 ni wọ́n bí màmá wa sí Ìwàrò, Ọ̀kà-Àkókó, sínú ìdílé Olùkọ́ Nathaniel Ọlọ́runṣọlá àti Ìyáàfin Memunat, ọmọ oníṣòwò aṣọ ní Ìkàrẹ́. Kérésì àti Iléyá ni wọ́n jọ ń ṣe nínú ilé náà.

Màmá wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìkàrẹ́, wọ́n sì kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì títí wọ́n fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1991. Ní 1984, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Akínlọ́lá Arógundádé, ọmọ Ìkàrẹ́. Inú ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ti pàdé. Ohùn màmá wa kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n wọn kì í pa ìfidánrawò jẹ.

Gíláàsì ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n máa ń gbé e sórí iná, wọ́n á fín kẹ́míkà sí i títí awọ tín-ín-rín kan tí ojú kò rí yóò fi bò ó. Awọ yìí ń jẹ́ kí oòrùn wọnú páànẹ́ẹ̀lì sólà, òun náà ló sì ń gbé iná jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní awọ náà kò lè fara da ọyẹ́ kan ṣoṣo ní Àkókó, àwọn ẹlẹgbẹ́ náà sì ti fẹ́ fagi lé iṣẹ́ náà.

Ní 2012 ni bàbá àgbà, Olùkọ́ Nathaniel, kú. Èyí tó dára jù nínú àwọn gíláàsì náà wà ní yàrá kan nílé bàbá ní Ọ̀kà. Caleb, àbúrò màmá wa, rò pé gíláàsì lásán ni, ó fi ṣe fúrémù àwòrán bàbá, ó sì gbé e kọ́ sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú tó ní awọ ló kọ síta. Inú bí màmá wa gan-an. Wọ́n fẹ́ tú u, ṣùgbọ́n àgbà ilé kan sọ pé, “Mọ́júbọ́lá, nínú ilé yìí, a kì í sọ àwòrán olóògbé kalẹ̀ kí ọdún tó yí po.” Bí gíláàsì ṣe wà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn, tí òjò ń ta sí i, tí eruku ọyẹ́ ń bò ó.

Lẹ́yìn ìrántí ọdún kan, màmá wa tú u, wọ́n nù ún, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Awọ náà ń gbé iná bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ fífagi lé iṣẹ́ mọ́. Ní 2014, wọ́n fi irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ ṣe páànẹ́ẹ̀lì fún ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìpè-Àkókó, lọ́fẹ̀ẹ́.

Àìsàn dé ní ọdún tó kọjá. Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, wọ́n lọ. Ó dùn wá wọra. Ọkọ wọn, àwọn ọmọ wọn, Fúnminíyì, Ìtùnú àti Success, àwọn ọmọ-ọmọ, àti Caleb ló gbẹ̀yìn wọn.

Màmá, ọyẹ́ kan ni àwọn ẹlẹgbẹ́ yín fún gíláàsì yín. Èyí tó wà ní Ìpè ti rí mọ́kànlá, wọ́n ṣì ń gbẹ̀bí lábẹ́ iná yín níbẹ̀. Ẹ máa sinmi, kí Olúwa tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.