Gbólóhùn Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé Àdéhùn

Guimbal, Iloilo,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2004.

Adelfa ọmọ mi, ọmọ Salud àbúrò mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Mo kí Ismael àfẹ́sọ́nà rẹ, mo sì kí gbogbo ará ilé tí ẹ jọ ń gbé ní Bacolod. Ara tèmi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó máa ń bá mi ṣọ̀tá bí òjò bá ti ṣú. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà, kó sì bá ọ ní ìjókòó. Má kà á lójú ọ̀nà o, má sì kà á níwájú àwọn tó ń bá ọ rán aṣọ ìyàwó.

Ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Mo rí orúkọ mi lókè pátápátá láàárín àwọn ninong tó máa dúró tì yín ní ṣọ́ọ̀ṣì: Aṣojú Orílẹ̀-Èdè, Lọ́yà Àgbà, Honorato Gumban. O tiẹ̀ fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, "Tiyo, ẹ̀yin lẹ jà fún mi nígbà tí kò sẹ́ni tó jà." Mo ka ìyẹn tán, mo ti àwo oúnjẹ àárọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. O mọ̀ pé ninong ní í fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Kí n tó fi ọwọ́ mi sí tìrẹ, ó yẹ kí o mọ ohun tí ọwọ́ náà ti ṣe.

Gbogbo Guimbal ló mọ apá tó dùn nínú ìtàn mi, torí èmi fúnra mi ni mò ń sọ ọ́ káàkiri. Bàbá wa, àgbẹ̀ ìrẹsì, ta ẹfọ̀n tó fi ń túlẹ̀ kí n lè lọ kàwé òfin ní Manila. Ìyá rẹ fi ilé ìwé sílẹ̀, ó jókòó ti òfì, ó ń hun aṣọ hablon kí n lè máa rí bàtà wọ̀ lọ sí kíláàsì. Mo yege ìdánwò lọ́yà, wọ́n gbà mí síṣẹ́ aṣojú. Mo sìn ní Jakarta, mo sìn ní Nairobi, mo pẹ́ ní Geneva. Òfin tó wà láàárín orílẹ̀-èdè kan sí ìkejì, ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Wọ́n á ní bí Gumban bá ti jókòó ti tábìlì, kọ́mà kan ò lè sá lọ. Bí mo bá wá wálé, ìyá rẹ á gbá mi mú pẹ̀lú yẹ̀yẹ́: "Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń tiro, bí ẹni pé ilẹ̀ wa fẹ́ ba bàtà ẹ̀ jẹ́. Ẹ jókòó jàre, ẹ jẹ ẹja gbígbẹ, ẹnu yín á rántí ilé." Mo fẹ́ràn yẹ̀yẹ́ yẹn ju gbogbo oyè tí mo jẹ lọ.

Apá tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ló kàn báyìí. Ní ọdún 1989, wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó lọ bá orílẹ̀-èdè olóoru kan ṣe àdéhùn lórí àwọn ọmọbìnrin wa tó ń lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. O mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí a ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ni pé, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò bá tíì gbà, a ó fi àkámọ́ há a mọ́. A ó máa tú àkámọ́ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìpàdé ti ń lọ. Tó bá wá di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, olórí kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti yọ̀ǹda èyí kó lè gba tọ̀hún. Mẹ́rin péré ló ṣẹ́kù fún wa. Èyí tó kúrú jù nínú wọn kà báyìí: "Òṣìṣẹ́ ni yóò máa tọ́jú ìwé ìrìnnà rẹ̀ fúnra rẹ̀."

Olórí àwọn ará ọ̀hún, àgbàlagbà kan tó mọ ìwà hù, bu tíì fún mi. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi yọ gbólóhùn kékeré yẹn. Àfi bí ẹni pé ẹ̀ ń pe àwọn ìyàwó wa lólè. Ẹ yọ ọ́, mo fún yín ní mẹ́ta yòókù, ká fọwọ́ sí i lóṣù tó ń bọ̀." Kí ni mẹ́ta yòókù ọ̀hún? Ìgbìmọ̀ tí yóò máa pàdé lọ́dọọdún, èdè tí wọn yóò fi kọ ẹ̀dà, àti ìlú tí a ó ti fọwọ́ sí i. Manila ni mo fẹ́, níwájú àwọn oníròyìn. Kí n má purọ́ fún ọ, mo fẹ́ kí wọ́n rí mi.

Lọ́yà obìnrin kan wà nínú wa, Remedios Tumbokon, ará Aklan, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Ó tẹ̀ lé mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo ìyókù tó wà nínú ìwé yẹn, tiwa ni, àwa tá a wọ kóòtù jókòó ti tábìlì. Gbólóhùn yẹn nìkan ni ọmọ ọ̀dọ̀ lè fọwọ́ bà." Mo fẹ́ hùwà àgbà. Mo rẹ́rìn-ín, mo pè é bí a ṣe ń pe ọmọdébìnrin nílé, mo ní, "Inday, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú àwo lèèyàn ń jẹ tán lóde." Ó wò mí lójú, ó ní, "Oúnjẹ ta lẹ wá fi sílẹ̀ yẹn, ọ̀gá?" Mo padà wọlé, mo fa ìlà pupa la gbólóhùn náà já. Oṣù méjì lẹ́yìn tí a fọwọ́ sí i, wọ́n sọ mí di aṣojú àgbà. Ìyá rẹ pa ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo àdúgbò jẹ ẹ́.

Nígbà tí ìwọ náà fẹ́ lọ síbẹ̀ ní ọdún 1997, àyà ìyá rẹ ń já. Ó bi mí bóyá kò séwu. Mo ní, "Salud, fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ àdéhùn ibẹ̀. Abẹ́ òfin tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe lọmọ rẹ ń lọ." Adelfa, èmi tí ń fi ìrántí kọ́mà ṣe fọ́ńté, mo ti gbàgbé gbólóhùn yẹn pátápátá. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

O mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tìrẹ nígbà tí kíndìnrín ìyá rẹ daṣẹ́ sílẹ̀: ọ̀gá rẹ obìnrin ti ìwé ìrìnnà rẹ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ó di ìgbà tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ bá pé. Gbọ́ bó ṣe rí lọ́dọ̀ mi. Mo pe òṣìṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó bọ̀wọ̀ fún mi gan-an. Ó ní, "Ọlọ́lá jùlọ, àdéhùn yín rèé níwájú mi. Ẹ fi ìlà tó ní kí n gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ hàn mí, mà á lọ gbà á lónìí olónìí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé fóònù lélẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe pé mi ò lè gbẹ́ ẹ. Mo ti gbẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, mo sì fọwọ́ ara mi sọ ọ́ nù.

Ìyá rẹ kú ní ọjọ́ Ajé kan. Mo wọ ọkọ̀ òfuurufú wálé. Àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ sin ìyá kí ọmọ tó wà lókè òkun tó dé, nítorí náà wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá iwájú, wọ́n ń dúró dè ọ́. Àwọn aládùúgbò ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ pé, "Aṣojú, ọmọ náà ń bọ̀, àbí?" Èmi náà á ní, "Ó ń bọ̀. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀." Tiya Paning tó ń se ìrẹsì fún àwọn àlejò ní, "Ṣèbí aṣojú ló wà nílé yìí, ọmọ á dé." Ní ọjọ́ kẹrìnlá, èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e lọ. Gbogbo wọn ń ṣépè fún ìjọba ọ̀hún. Mo bá wọn mi orí.

Oṣù méje lẹ́yìn náà lo tó dé. A jọ lọ síbi sàréè. Ẹkún gbọ̀n mí, o gbá mi mú, o ní, "Tiyo, ẹ dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ sa gbogbo ipá yín." Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́. Láti ọdún márùn-ún báyìí, ìgbàkígbà tí o bá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi kan iwájú orí rẹ, bí ọmọ ilé wa ti ń kí àgbà, ojú máa ń tì mí, mo sì tún ń nawọ́ náà sí ọ.

Mo ti gbìyànjú láti gba ẹjọ́ ara mi rò. Mo ní ayé ìgbà yẹn ló rí bẹ́ẹ̀, mo ní bí mi ò bá yọ̀ǹda, bóyá a kì bá tí rí àdéhùn kankan ṣe. Kò sí èyí tó dúró. Wọ́n sọ fún mi, mo gbọ́, ó yé mi, mo sì fa ìlà náà. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.

Mi ò láya, mi ò bímọ. Ìwọ nìkan ni mo ní, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi bí mo ṣe ń kọ èyí. Síbẹ̀, bí o bá fẹ́ yọ orúkọ mi, sọ fún àwọn atẹ̀wé. Mi ò ní béèrè ìdí. Bí o bá ní kí n wá jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mà á wá. Bí o bá ní kí n má wá, mà á dúró sílé. Remedios Tumbokon ń kọ́ àwọn ọmọ lófin ní ìlú Iloilo báyìí. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹni tó jà fún ọ nígbà tí kò sẹ́ni tó jà, òun ni. Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Kí Ọlọ́run bù kún ilé tí ìwọ àti Ismael fẹ́ kọ́. Kí ẹ máa gbọ́ ara yín yé. Kí ọ̀nà ilé má dí mọ́ ọ láé, kí ọmọ tí o bá bí má ṣe wà lọ́nà jíjìn lọ́jọ́ tí o bá ń wá a.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, tó fẹ́ràn rẹ tí kò sì ṣe é dáadáa,
Tiyo Honorato.

Àfikún: Mo ti lẹ ìwé yìí kí n tó rí i pé mo ṣì fi ohun kan pamọ́, mo wá tún un já. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ méjì kí ìyá rẹ tó lọ, ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, kí ló dé tọ́mọ mi ò lè wálé?" Mo ní òfin tó wà nílẹ̀ ni kò fún un láyè. Ó ní, "Ẹni tó kọ irú òfin bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì í. Bóyá kò ní àbúrò ni." Mo ní, "Àmín."