Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Lórí Wáyà

Tẹ́ṣàn Rélùwéè,
Ọ̀fà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ògọ́ọ̀sì, 1915.

Ìbráhìm, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí gbogbo ará Ọ̀fà tó wà pẹ̀lú yín ní Kúmásì. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ara yín le, kí ọjà sì máa tà. Ní ti èmi, ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Jọ̀wọ́, bí o bá wà ní ìdúró, jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Bàbá ti kú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí ni ìbọn àwọn ṣọ́jà bà wọ́n lórí ojú irin, lẹ́yìn Ìjàgbó. A sin wọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ààfáà kírun sí wọn lára, gbogbo àdúgbò yín ló sì tú jáde. Mo lè fi wáyà ránṣẹ́ sí ọ kí o tètè gbọ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí àjèjì kan fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré sọ ọ́ fún ọ. Wáyà kì í ṣàlàyé.

Ìyá ló ní kí n kọ ìwé yìí. Wọ́n jókòó tì mí báyìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bu oúnjẹ fún mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí pé èmi ni mo lọ gbé Bàbá wálé. Nígbà tí mo mú gègé, wọ́n ní, “Kọ ọ́ fún un pé Akínwándé lorúkọ ẹni tó pa bàbá rẹ̀. Kọ orúkọ yẹn gàdàgbà, kó má baà gbàgbé.” Mo ti kọ orúkọ náà bí wọ́n ṣe wí. Ṣùgbọ́n irọ́ ni pé òun ló pa wọ́n, Ìbráhìm, ẹnu mi ló sì ti jáde.

O mọ̀ pé ogun wà ní Kàmẹrúùnù. Ó tó oṣù méjì báyìí tí àwọn ṣọ́jà tuntun ti pàgọ́ sẹ́yìn Ìjàgbó, tí wọ́n ń kọ́ ìbọn yíyìn kí wọ́n tó kó wọn lọ. Pápá tí wọ́n ń yìnbọn sí gba orí ojú irin kọjá. Wọ́n ri àsíá pupa sẹ́bàá ọ̀nà fún àwọn tó ń lọ sóko, ṣùgbọ́n wọn kò ri ìkankan sẹ́bàá irin, nítorí wáyà ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Akínwándé, ọmọ Ìkìrun, akọ̀wé wáyà bíi tèmi, ni wọ́n fi sí ilé wáyà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ wọn. Ohunkóhun tó bá fẹ́ gba orí irin kọjá, èmi yóò kọ́kọ́ fi wáyà bi í bóyá àyè wà. Bó bá ní kò sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò ní Ọ̀fà.

Òfin ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ká máa tẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ sì tún un tẹ̀ padà, kí ẹni tó rán an lè mọ̀ pé ó gbọ́ ọ dáadáa. Èmi àti Akínwándé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Yorùbá là ń tẹ̀ síra wa. Ó yá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ó sì ń dùn mọ́ wa. A máa ń bú ọ̀gá òyìnbó lórí wáyà rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì ní mọ nǹkan kan. Àṣé ibi tí kò yẹ ká ti ṣeré là ń ṣeré.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, òjò ti wọ́ erùpẹ̀ lábẹ́ irin, Bàbá àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn mẹ́ta sì fẹ́ gbé tírọ́lì tí wọ́n ń tì lórí irin lọ tún un ṣe kí ọkọ̀ ọ̀sán tó dé. Wọ́n dúró lójú fèrèsé mi. Mo tẹ wáyà, mo bi Akínwándé bóyá àyè wà. Ohun tó tẹ̀ padà ni: SOJA KO LO.

Tún un kà dáadáa. Wáyà kì í gbé ohùn, lẹ́tà nìkan ló ń gbé. Akínwándé ń sọ fún mi pé ṣọ́jà kò lọ. Èmi kà á pé ṣọ́jà kó lọ, torí pé láti àná rẹ̀ ni gbogbo ọjà ti ń sọ ọ́ pé wọ́n ń di ẹrù. Ohun tí mo ti ń retí ni mo gbọ́. N kò tún un tẹ̀ padà. “O dara” ni mo tẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn ṣọ́jà ti kúrò.

Bàbá bi mí pé, “Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ó dá ọ lójú?” O mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn. Mo ní, “Ó dá mi lójú, Bàbá. Wọ́n ti kó lọ tẹrùtẹrù.” Wọ́n ní ó dáa, wọ́n ní bí mo bá rí Ìyá, kí n sọ fún wọn pé àwọn ò ní pẹ́.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ìbọn. Mo tẹ wáyà, mo tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó dáhùn, nítorí Akínwándé ti sáré wọ inú pápá, ó ń pariwo kí wọ́n dáwọ́ dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta náà sọ fún mi pé àwọn dọ̀bálẹ̀ sẹ́bàá irin, ṣùgbọ́n Bàbá dìde dúró lórí tírọ́lì, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń fì í sókè kí àwọn ṣọ́jà lè rí i pé èèyàn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọta ìbọn bà wọ́n, ní àyà. Kí n tó débẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá òyìnbó kan ti Ìlọrin wá láti wádìí. Ó ṣí ìwé àwa méjèèjì síwájú. Tèmi ní àwọn ṣọ́jà ti kúrò, ti Akínwándé ní wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Òyìnbó ní Akínwándé ló yí ìwé rẹ̀ padà nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán. Akínwándé ní rárá, Yorùbá ni a fi sọ ọ́, kí wọ́n bi mí. Wọ́n bi mí. Mo ro iṣẹ́ mi, mo ro ẹ̀wọ̀n, mo sì dáhùn pé Gẹ̀ẹ́sì ni a sọ, pé ohun tó rán sí mi gan-an ni mo kọ. Ni wọ́n bá dè é lọ́wọ́, wọ́n mú un lọ sí Ìlọrin. Kò bú mi. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ojú ń tì mí, Ìbráhìm, ojú ń tì mí gidigidi.

Lọ́jọ́ Ajé ni wọn yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. N óò lọ síbẹ̀, n óò sì sọ ohun gbogbo bí mo ti sọ ọ́ fún ọ yìí. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fẹ́ fi í sí lè di tèmi, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí o má ṣe di Akínwándé sínú, nítorí òun nìkan ló sáré wọ inú ìbọn nítorí bàbá rẹ.

Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n ka ohun tí mo kọ sí àwọn létí. Ẹnu ń yà wọ́n pé ó gùn tó báyìí. N óò kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò ní fo ìlà kan.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó tù ọ́ nínú ní ilẹ̀ àjèjì tí o wà, kí ó dá Ìyá sí fún ọ, kí ó má sì jẹ́ kí o gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láéláé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, bí o bá ṣì lè pè mí bẹ́ẹ̀,
Gbádé.

Àfikún: Mo ti kà á fún Ìyá. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí, pé ṣé Akínwándé ní ìyá. Mo ní ó ní, pé Ìkìrun ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní kí n má dúró de ọjọ́ Ajé, kí n wọ ọkọ̀ ọ̀sán òní lọ sí Ìkìrun, kí ìyá yẹn gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí òyìnbó tó gbọ́ ọ. Mo bi wọ́n bóyá kí n padà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín níbí bí mo bá ti Ìkìrun dé. Wọ́n gbé ẹ̀wà wọn, wọ́n wọlé lọ.