Ìhágún Màmá Oyètọ́lá Lórí Ìwé Tí Wọn Kò Rí Dáná Sun

Èmi, Ànúolúwa Sarah Oyètọ́lá, opó Jedidiah Oyètọ́lá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí ń gbé ní Àtìkòrí, Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo ní kí a kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Ernest ọmọ mi ń sọ kiri pé mo ti ń ṣarán. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jẹ́ kí dókítà yẹ̀ mí wò kí n tó fọwọ́ síwèé. Ìhágún yòówù tí mo ti ṣe ṣáájú, mo pa á rẹ́.

Kíkẹ́lọmọ ọmọ mi obìnrin àti Agbẹjọ́rò Hafeez Bùsúyì ni yóò mú un ṣẹ.

1. Ilé mi ní Àtìkòrí di ti Ernest àti Kíkẹ́lọmọ. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ tà á lẹ́yìn ẹnì kejì.

2. Oko kòkó mi ní Mámù di ti Ernest. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ràn ẹ̀fọn ibẹ̀. Kí ó wọ ṣòkòtò gígùn.

3. Ẹ̀rọ tí mo fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti agbada gààrí mi di ti Favour, aládùúgbò mi, tí a jọ ń fara da èéfín. Kí ó mú abo ewúrẹ́ mi pẹ̀lú. Bí ó bá fà á lọ sí ìkórè, kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

4. Ìwé ìtàn tí ọkọ mi kọ, *Ẹ Bá Wa Jó Dé Pẹpẹ*, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní ọdún 1998, tó wà nínú àpótí aṣọ mi, di ti Kíkẹ́lọmọ nìkan.

Orí keje ló fa wàhálà. Níbẹ̀, bàbá ìjọ kan ń fa ewúrẹ́ kan ṣoṣo jó wá síwájú pẹpẹ ní gbogbo ìkórè, ewúrẹ́ a sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn padà sílé, títí ẹran náà fi mọ ọ̀nà pẹpẹ ju àwọn akọrin lọ. Ọkọ mi kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àfi bí Bàbá Ìjọ tiwa ṣe dìde láàárín ìsìn, tó búra pé ewúrẹ́ tòun kọ́ ló wà nínú ìwé! Ọ̀sẹ̀ yẹn ni gbogbo ìjọ sáré lọ ra ìwé náà.

Ìgbìmọ̀ ìjọ pàṣẹ kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ wá, wọ́n sì dáná sun wọ́n lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Jedidiah kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kó èyí tó kù nílé sínú iná. Èyí tí wọ́n tún tẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní orí keje. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn títí ó fi kú, inú sì ń bí mi sí i títí dòní. Èmi gbé tèmi pamọ́. Ó ti kọ ọ́ sí ewé àkọ́kọ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀rín ara mi ni kí n wá dáná sun?

Wọ́n fi mí sí ìjókòó ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì fún mi ní oúnjẹ Olúwa mọ́, títí màá fi mú ìwé náà wá. N kò mú un wá. Ernest, mo gbọ́ pé o ti bá ẹnì kan tó ń kó ìwé àtijọ́ jọ ní Èkó sọ̀rọ̀. Lọ sọ fún un pé ìyá rẹ kò tà.

5. Ìgbìmọ̀ tún ránṣẹ́ pé bí n kò bá mú ìwé náà wá kí n tó kú, àwọn kò ní sin mí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀kùn, ẹ sin mí sí Mámù, kí Kíkẹ́lọmọ ka orí keje létí ibojì, kí ó sì gbé ohùn sókè dáadáa. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí ó kà á kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má fo ìlà kankan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé pósí mi lọ síwájú. Ìjókòó ẹ̀yìn tí wọ́n fi mí sí ni kí ẹ gbé e sí. Mo ti wo ìpàkọ́ wọn tó. Ẹni tó bá fẹ́ rí mi lọ́jọ́ náà, kí ó yíjú padà.

Mo fọwọ́ sí i ní Àtìkòrí, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

A. S. Oyètọ́lá

Àwọn tó wà níbẹ̀, tí ojú wọn rí i pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n:
Ọláyẹmí Ṣèyítán, olùkọ́, Àgọ́-Ìwòyè
Haneefah Olúwajùwọ́nlọ, nọ́ọ̀sì, Efire