Àgbò Olójú Kan àti Èyí tí Ó Kú Dípò Rẹ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Dèbórà Modúpẹ́ Adéwọyin (1946–2025)

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún 2025, Salimat, aya Alfa Àbdùlgàfárù tí ilé wọn àti ilé wa jọ pín ògiri ní Fate, ní Ìlọrin, gbọ́ tí àwọn àgùntàn Màmá ń ké ju bó ti yẹ lọ. Ó pe Màmá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó gba ẹnu géètì wọlé, ó sì bá wọn lórí àga onígi tí wọ́n máa ń jókòó lé kí wọ́n tó fún àwọn ẹran ní oúnjẹ. Abọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ ṣì wà lórí itan wọn. Wọ́n ti lọ. Salimat ni ó pe Ayọ̀mídé, àkọ́bí wọn, lórí fóònù ní Lọ́kọ́ja. Ayọ̀mídé sọ pé ohùn rẹ̀ kò yí padà, ó kí òun, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, kí ó tó wá ní: "Ẹ máa bọ̀ nílé, ọmọ Màmá. A ti bá yín pa ojú wọn dé."

Ìdílé Ọláṣebìkan ní Ọ̀mù-Àrán ni a bí Dèbórà Modúpẹ́ sí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1946. Bàbá wọn ni Olóògbé Jóṣúà Ọláṣebìkan, àgbẹ̀ oníṣu tí ó lu agogo ìjọ fún ọgbọ̀n ọdún. Ìyá wọn ni Olóògbé Sàbáínà, tí ó ń re aṣọ ní aró. Ọmọ karùn-ún ni wọ́n. Mẹ́rin tí ó ṣáájú wọn kò dúró, ìdí nìyẹn tí a fi sọ wọ́n ní Modúpẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ ní ọdún 1952. Míṣọ̀nárì obìnrin kan ni ó ń kọ́ wọn ní Bíbélì. Ọmọ tí ó bá pẹ́ dé kì í jẹ pàṣán lọ́dọ̀ rẹ̀, orí ìwé kan ni yóò kọ́ sórí. Nítorí pé odò jìnnà sí ilé wọn tí wọ́n sì ń pọn omi kí wọ́n tó lọ, Màmá pẹ́ púpọ̀, wọ́n sì mọ ìwé púpọ̀. Kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n ti mọ gbogbo òfin ẹbọ inú Ìwé Léfítíkù bí ẹni tí ó mọ ìsọdipúpọ̀. Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí wọn ní ọdún 1965.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejìlá ọdún 1970, wọ́n ṣe ìgbéyàwó mímọ́ pẹ̀lú Olóògbé Bámidélé Adéwọyin, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, tí ó jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Ìlọrin. Yàrá méjì lẹ́yìn Táíwò Road ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, kí wọ́n tó kọ́lé sí Fate ní ọdún 1983. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Màmá ṣe iṣẹ́ tíṣà ní oríṣiríṣi ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìntì ní ọdún 2004. Ọmọ tí kò bá mọ ìṣirò, ẹ̀gbẹ́ tábìlì wọn ni yóò jókòó sí, yóò máa jẹ nínú ẹ̀pà wọn títí yóò fi mọ̀ ọ́n. A ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣì í ni. Bàbá wa sùn nínú Olúwa ní ọdún 2009.

Láti ọdún 1992 ni Màmá ti ń kọ́ kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Lọ́dọọdún, bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá ti ń súnmọ́, wọ́n á kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Jésù Ọ̀dọ́-Àgùntàn Ọlọ́run: ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ní láti ta, ìdí tí ọ̀dọ́-àgùntàn náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ aláìlábàwọ́n. Ẹ̀kọ́ náà pé, kò lábùkù. Màmá fúnra wọn ni wọ́n sọ fún wa nígbẹ̀yìn pé bí ìṣirò ni àwọn ṣe ń kọ́ ọ, wọ́n ń gbà á gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn, ṣùgbọ́n kò tíì bà wọ́n rí.

Ibi tí ó ti bà wọ́n ni Iléyá ọdún 2014, a kò sì lè kọ ìtàn wọn láìsọ ọ́. Ẹnu wọn ni a ti gbọ́ apá kan, ẹnu Alfa Àbdùlgàfárù àti Salimat ni a ti gbọ́ ìyókù.

Alfa jẹ́ ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú níwájú ilé rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú yìí, ó máa ń ra àgbò rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ọdún kí ó lè sanra. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéwú ti gba gbogbo ọgbà rẹ̀. Màmá ní tiwọn ti ń sin àgùntàn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìntì, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni Alfa máa ń so àgbò rẹ̀ mọ́. Àdéhùn wọn kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: Màmá yóò tọ́jú rẹ̀ bí tiwọn.

Ní ọdún náà, àgbò kan wà nínú ọgbà tí ó jẹ́ ti Màmá gan-an. Ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tí ó bí i. Màmá fi fíídà bọ́ ọ nínú ilé ìdáná, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù àtijọ́ bàbá wa bò ó nígbà ọyẹ́. Nígbà tí ó dàgbà, ó ń tẹ̀lé wọn káàkiri láìsí okùn, àní dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń pè é ní Díákónì. Màmá ti kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ẹnikẹ́ni kò ní pa á, ì báà ṣe Kérésìmesì, ì báà ṣe ìkórè.

Bí ọdún ti ń wọlé bọ̀, àgbò méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn. Kí ti Alfa má baà fara pa, Màmá fa páànù àlòkù kan, wọ́n fi dí àárín wọn. Etí páànù náà mú níbi tí wọ́n ti gé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Aráfà, nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wọlé, wọ́n rí i pé àgbò Alfa kò yí orí sí ohun tí ó wà ní apá òsì rẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí ojú náà, kò ṣẹ́jú. Awọ funfun ti bò ó. Ó ti kan páànù.

Ọ̀la ni Iléyá. Màmá sì mọ ohun tí wọ́n ń wò, nítorí lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbọ́ ohùn Alfa láti òdìkejì ògiri, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ pé ẹran tí ojú rẹ̀ kan fọ́, tàbí tí ó yarọ, tàbí tí àìsàn ń ṣe, kò yẹ ní fífún Ọlọ́run. Òfin tí Màmá náà ti kọ́ sórí ní Ọ̀mù-Àrán ni.

Ìbùkún, ọmọ wọn obìnrin, wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó ti jẹ́wọ́ fún wa pé òun ni òun ní kí wọ́n dákẹ́. Alfa kò wá wo ẹran náà láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí wọ́n bá sì ti dá a dùbúlẹ̀, ta ni yóò máa wo ojú rẹ̀? Ó tún ní àgbò kì í ṣe awakọ̀, kí ni ó fẹ́ fi ojú méjì ṣe. Màmá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n ń wo Díákónì tí ó ń fi orí ra aṣọ wọn. Kò sí àgbò mìíràn nínú ọgbà tí ó tó ọdún.

Kí wọ́n tó pe ìrun Aláásárì, Màmá ti wà níwájú ilé Alfa, Díákónì sì wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọn kò di ẹ̀bi ru páànù. Wọ́n ní èyí ni àwọn mú wá dípò. Alfa mọ àgbò náà dáadáa, ó sì kọ̀. Ó ní Ọlọ́run kì í di ẹrù tí ó ju agbára lọ ru ẹrú Rẹ̀, òun lè fi ti ọdún yẹn sílẹ̀. Ó wá wò wọ́n títí.

"Màmá Tíṣà, bí ẹ bá dákẹ́, ẹ mọ̀ pé n kò ní mọ̀."

"Ẹni tí ẹ fẹ́ fún mọ̀, Alfa. Ẹ má jẹ́ kí n fi tèmi pamọ́ kí n wá ba tiyín jẹ́."

Alfa gba àgbò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi okùn sí i lọ́rùn, Díákónì fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀, kò tẹ̀lé e. Salimat ní ọmọ ìjọ ni, kò lè bá Alfa lọ sí mọ́ṣáláṣí. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tán lẹ́nu wọn. Màmá ní kí wọ́n jẹ́ kí ó bá àwọn padà sílé, àwọn yóò mú un wá fúnra àwọn lọ́la.

Ní gbogbo ọdún tí ó ti kọjá, bí àwọn aládùúgbò bá ti kírun ní Yídì dé, Màmá á ti fèrèsé, wọ́n á sì yí ohùn rédíò sókè. Lọ́jọ́ Sátidé náà, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá, wọ́n jáde. Wọ́n rìn níwájú, àgbò náà sì tẹ̀lé wọn láìsí okùn, bí ó ti máa ń tẹ̀lé wọn lọ síbi gbogbo. Kò fẹ́ dùbúlẹ̀ fún ẹlòmíràn, nítorí náà ọwọ́ Màmá ni ó fi orí rẹ̀ lé ilẹ̀. Alfa dá orúkọ Ọlọ́run. Àgbò náà kò la ẹnu. Ojú Màmá ni ó ń wò títí dé òpin.

Salimat sọ pé wọn kò sunkún. Ó ní wọ́n kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tí a ń pe orúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ìdílé Alfa gbé ẹran wá fún wọn ní ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọdún, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì fi fún àwọn tí ń kọjá.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, Màmá dúró níwájú kíláàsì wọn. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ pé wọ́n ṣí ìwé, wọ́n tún pa á dé, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ó di ọdún méjìlélógún tí mo ti ń kọ́ni pé Ọlọ́run fún wa ní Ọ̀dọ́-Àgùntàn. N kò tíì sọ fún yín rí pé tiRẹ̀ ni. Èyí tí Ó fẹ́ràn ni. Òun fúnra Rẹ̀ ni Ó sì mú un wá."

Wọ́n kúnlẹ̀, gbogbo kíláàsì sì bá wọn kúnlẹ̀, títí agogo fi lù.

Alfa fi àgbò olójú kan náà sílẹ̀ fún Màmá. Ó gbé ọdún márùn-ún sí i nínú ọgbà wa, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń sùn sí ibi tí Díákónì ti ń sùn, kò sì mọ ìdí tí òun fi wà láàyè. Láràárọ̀ ni Màmá máa ń dúró tì í. Nígbà tí Túnmiṣe, àbíkẹ́yìn wọn, béèrè ohun tí wọ́n ń wò lára rẹ̀, wọ́n ní: "Èmi ni mo ń wò."

Alfa kò gbà pẹ̀lú Màmá nípa ẹni tí Jésù jẹ́, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ó gbà. Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ògiri fún ọdún mọ́kànlá. Alfa á ní nínú ẹ̀sìn tòun, kì í ṣe ẹran, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Màmá á ní òótọ́ ni, kò sí àgbò tí ó lè dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí Òun fúnra Rẹ̀ fi wá. Lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè bóyá àwọn ọmọ ti jẹun.

Màmá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa fún ọdún mẹ́jọ. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìwé kíkà ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí. Hùmúàní, ọ̀kan nínú wọn tí ó ń tajà ní Ọjà Tuntun, ni yóò ka Sáàmù ní ìsìn òní, ó sì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Màmá kí wọ́n tó re ibi àgbà á rè. Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ ni Ayọ̀mídé, Ìbùkún àti Túnmiṣe. Àwọn ọkọ àti aya wọn. Ọmọ-ọmọ méje, tí Ayọ̀mípọ̀sí jẹ́ àgbà wọn. Àbúrò kan ní Ọ̀mù-Àrán. Àti Alfa Àbdùlgàfárù pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, tí a kò mọ orúkọ mìíràn tí a lè pè wọ́n ju ẹbí lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn yóò rí i pé kò sí ẹran nínú oúnjẹ òní. Kì í ṣe àìní, ẹ má sì bínú. Àwọn ẹbí ti rí màlúù, wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọn yóò fà á wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó láti fi ẹnu kò, kò sí ẹni nínú wa tí ó lè sọ pé kí a pa ohunkóhun nítorí Màmá. A ti pa Ẹnì Kan nítorí wọn. Ó tó.

Ẹ sùn re, Màmá Tíṣà. Níbi tí ilẹ̀ yóò ti mọ́ bá yín, Ọ̀dọ́-Àgùntàn ni fìtílà ibẹ̀. Àwa rèé lẹ́yìn ilé, Ìbùkún àti Salimat ti rẹ ẹ̀wà sínú omi, wọ́n jókòó ti ara wọn, wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ fún àkàrà yín.